Ta Ló Ni Ahoro? Bí Àwọn Ìlú Amẹ́ríkà Ṣe Ń Wá Ẹni Tí Yóò Dáhùn fún Ilé Òfìfo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. Ohun tí òwe yìí ń fi yé ni pé ilé kì í ṣàdédé di ahoro. Ẹnìkan ló ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ahoro irú mìíràn ti gbòde ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà. Baálé kò kú. Ó wà láàyè, bóyá ní òpópónà kejì, bóyá ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àmọ́ ó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Báǹkì tó yá a lówó, tó sì gba ilé náà ní ìdógò, kò gbà pé òun ni onílé. Koríko hù dé ojú fèrèsé, àwọn olè já wọlé, wọ́n yọ páìpù bàbà inú ògiri lọ tà, òjò sì gba orí àjà wọlé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìtanràn lọ́wọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń dá a dúró: ta ni kí òun fún?

Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, òfin ìforúkọsílẹ̀ ilé òfìfo jọ ohun kékeré. Ìjọba ìbílẹ̀ yóò ní kí onílé kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó san owó díẹ̀, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó gé koríko, kí ó sì yan ẹni tí yóò máa yẹ ilé náà wò lóòrèkóòrè. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán, ẹnìkan lè wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ti kú nínú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, àwọn báǹkì ti torí òfin náà lọ sílé ẹjọ́, àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan sì ti dìde láti gé ìyẹ́ apá rẹ̀. Ohun tó fa gbogbo èyí ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú ìwé náà ni ẹrù yóò jókòó lé lórí.

Ní New York ní àwọn ọdún 1970, orúkọ ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó bọ́ sínú ìwé náà. Àdúgbò South Bronx wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Àwọn tó ni ilé ńláńlá tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń gbé ṣírò owó wọn, wọ́n sì rí i pé owó epo tí wọ́n fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù àti owó orí tí wọ́n ń san lórí ilé ti ń sún mọ́ owó ilé tí wọ́n ń gbà, ó sì ń jù ú lọ nígbà mìíràn. Wọn kò tún ilé ṣe mọ́. Lẹ́yìn náà wọn kò san owó orí mọ́. Níkẹyìn wọn kò yọjú mọ́. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti ojúlé dé ojúlé: òmíràn jẹ́ iná tí wáyà àtijọ́ fà, òmíràn jẹ́ iná tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá nítorí owó adójútòfò.

Òfin ìgbà náà ní kí onílé jẹ gbèsè owó orí ọdún mẹ́ta kí ìjọba tó lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ilé tí a pa tì. Òtútù kan ṣoṣo ti tó láti bẹ́ páìpù omi, omi yóò sì ṣàn láti àjà kẹrin dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá fi máa gba kọ́kọ́rọ́, egungun ilé ló kù. Ní 1976, wọ́n gé ọdún mẹ́ta náà kù sí ọdún kan. Èrò wọn ni pé ìbẹ̀rù yóò mú kí àwọn onílé wá sanwó. Àwọn kan san. Ọ̀pọ̀ kàn dẹwọ́ ni, bí alábàárù tó rí ibi gbé ẹrù wíwúwo sọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ìjọba ìlú New York ti di onílé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé gbígbé, àtèyí tó ní ènìyàn nínú, àtèyí tó ṣófo. Òun ni àwọn ayálégbé ń ké pè bí ẹ̀rọ ìmúlémóoru bá kú, òun náà sì ni òfin rẹ̀ ń dá lẹ́bi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1983 fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn tó. Lábẹ́ olórí ìlú náà, Edward Koch, wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ojú fèrèsé àwọn ilé òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Cross Bronx: àwòrán aṣọ fèrèsé, àwòrán ìlẹ̀kùn fèrèsé, àwòrán òdòdó nínú ìkòkò. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ kọjá lọ yóò rò pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò ní bomi rin láé! Àwọn ènìyàn fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ gidigidi, wọ́n sì jàre, nítorí àwọn tó ń gbé àdúgbò náà mọ ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìwà náà tí àwọn ìlú mìíràn kò tètè rí. Ìjọba tó gba ẹrù ahoro sí ọrùn ara rẹ̀ láìní owó tí yóò fi tún un ṣe kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe ju kí ó kun ojú rẹ̀ lọ. Ó di 1986 kí Koch tó gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kalẹ̀ láti tún àwọn ilé náà kọ́, iye tó sì ná wọn lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ètò náà ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òpópónà tó ti di eérú tún di ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ìlú mélòó ló ní bílíọ̀nù márùn-ún?

Àwọn ìlú tí kò ní ín gba ọ̀nà mìíràn: wọn kò fẹ́ di onílé, wọ́n fẹ́ kí onílé jẹ́ onílé. Iná kan ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wà lára ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ilé ńlá kan wà ní ìlú náà tí wọ́n kọ́ ní 1906 fún kíkó ẹran àti oúnjẹ pamọ́ sínú òtútù. Ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n sì fi ohun tí kì í jẹ́ kí òtútù jáde tẹ́ inú rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan. Yàrá ń bẹ nínú yàrá. Ó ti ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1999, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọn kò nílé lórí wà nínú rẹ̀. Àbẹ́là wọn ṣubú, iná ràn, apá wọn kò ká a, wọ́n sá jáde, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn panápaná dé, wọ́n gbọ́ pé àwọn aláìnílé máa ń sùn níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n wọlé láti wá wọn. Èéfín dúdú bo gbogbo inú ilé, kò sí fèrèsé tí ènìyàn lè fi mọ ìta yàtọ̀ sí inú, méjì nínú wọn sì sọnù. Wọ́n ń fi rédíò kígbe pé afẹ́fẹ́ inú àgbá àwọn ń tán lọ, wọn kò sì lè sọ ibi tí àwọn wà. Àwọn mẹ́rin mìíràn tó wọlé láti wá wọn kò padà jáde. Panápaná mẹ́fà ló kú ní alẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú ilé náà tí wọn ìbá gbà là.

Ilé yẹn kò ṣaláìní onílé nínú ìwé. Ohun tó ṣaláìní ni àkọsílẹ̀ tí yóò sọ fún ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé báyìí ni inú rẹ̀ ṣe rí, ẹni báyìí ni kí ẹ pè, ẹ má wọ ibi báyìí. Lẹ́yìn ikú àwọn mẹ́fà náà, Massachusetts ṣe òfin pé kí wọ́n máa lẹ àmì pupa mọ́ ara ilé òfìfo tó léwu, kí panápaná lè mọ̀ láti ìta èyí tí kò yẹ kí ènìyàn wọ̀ àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n fi ìṣọ́ra wọ̀. Àmì pupa kékeré lórí ògiri: òfin tó rọrùn tó báyìí, ẹ̀mí mẹ́fà ló rà á.

Ní Wilmington, ní ìpínlẹ̀ Delaware, owó ni wọ́n gbà gbógun tì í. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fi ojú ọlọ́jà wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé ilé òfìfo kì í ná ẹni tó ni ín ní ohun tó pọ̀. Bí ilé bá ń bàjẹ́, iye rẹ̀ ń dínkù. Bí iye rẹ̀ bá ń dínkù, owó orí rẹ̀ náà ń dínkù. Èyí túmọ̀ sí pé ìjọba ń fi ẹ̀bùn fún ẹni tó jẹ́ kí ilé rẹ̀ wó. Ẹni náà lè jókòó, kí ó máa retí ọjọ́ tí owó ilẹ̀ àdúgbò yóò gòkè, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń fi owó tirẹ̀ lé eku àti àwọn ọmọ ìta. Ní 2003, ìlú náà yí ìṣirò padà. Ilé tó bá ti ṣófo fún ọdún kan yóò san 500 dọ́là lọ́dún. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni owó náà ń gòkè, títí yóò fi dé 5,000 dọ́là fún ilé tó ti ṣófo fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti ilé pa yóò wá mọ̀ pé aago ń ka iye fún òun. Ọgbọ́n tó wà nínú òfin yìí dára púpọ̀, nítorí ó béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó lè dá ìṣòro náà dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó gbára lé láìsọ ọ́ jáde: pé onílé ṣì wà, àti pé a mọ ibi tó wà.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni ìpìlẹ̀ yẹn yẹ̀.

Kí ẹni tí kò gbé Amẹ́ríkà lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ra ilé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi owó ọwọ́ wọn ra ilé. Báǹkì ni í yá wọn lówó, ilé náà ni yóò sì dúró gẹ́gẹ́ bí ìdógò fún ọgbọ̀n ọdún. Láyé àtijọ́, báǹkì tó yáni lówó ní ìlú náà ni yóò máa gba owó náà padà. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 2000, ọ̀rọ̀ ti yí. Báǹkì yóò yá ènìyàn lówó láàárọ̀, yóò ta gbèsè náà fún ilé iṣẹ́ mìíràn, ìyẹn yóò dì í pọ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbèsè mìíràn, yóò sì tà á fún àwọn olówó káàkiri àgbáyé. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn báǹkì ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MERS, tí orúkọ rẹ̀ máa ń dúró nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní ipò ẹnikẹ́ni tó bá ni gbèsè náà lọ́jọ́ náà. Gbèsè lè pààrọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún láìjẹ́ pé akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀. Àwọn báǹkì rí èrè nínú èyí nítorí wọn kò ní san owó àkọsílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìlú ló sọ ojú nù.

Nígbà tí owó ilé já wálẹ̀ ní 2007, tí àwọn tí wọ́n yá lówó ju agbára wọn lọ kò lè san án mọ́, ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Chula Vista wà lára ibi tí ìyà náà kọ́kọ́ bà. Ìlú yìí wà ní gúúsù California, kò jìnnà sí ibodè Mexico, ilé tuntun sì ti ń hù níbẹ̀ bí olú. Kì í ṣe ilé àtijọ́ tó ti wó ló ń ṣófo níbẹ̀. Ilé tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Omi inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé di ewéko, ẹ̀fọn ń pa mọ́ sínú rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ̀wé sí onílé, lẹ́tà yóò padà wá. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí báǹkì, báǹkì yóò ní òun kò tíì gba ilé náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe tẹ́lẹ̀: wọ́n ka ìwé àdéhùn gbèsè láti òkè délẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé báǹkì fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ẹni tó yá owó bá pa ilé tì, òun ní ẹ̀tọ́ láti wọlé, kí òun pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kí òun sì dáàbò bo ohun tó dúró fún owó òun. Báǹkì ti fún ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ yìí nítorí owó rẹ̀. Ìlú náà wá sọ ẹ̀tọ́ yẹn di ojúṣe. Òfin tí Chula Vista ṣe ní 2007 sọ pé nígbà tí gbèsè bá ti di ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, kí báǹkì lọ yẹ ilé náà wò. Bí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀, kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó san 70 dọ́là, kí ó gba ilé iṣẹ́ kan tó wà nítòsí tí yóò máa yẹ ibẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì lẹ nọ́ńbà fóònù mọ́ ojú ilé kí àwọn aládùúgbò lè pè. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là lójúmọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ California fúnra rẹ̀ ṣe òfin tó fàyè gba irú ìtanràn bẹ́ẹ̀ lórí ilé tí báǹkì ti gbà tó sì pa tì. Láàárín ọdún díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà ti ṣe òfin ilé òfìfo tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wo àwòkọ́ṣe ìlú kékeré yìí.

Bí òfin náà ti ń tàn kálẹ̀ ni àwọn báǹkì ń múra ogun. Chicago ni ìjà náà ti gbóná jù. Ní 2011, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin pé báǹkì tó bá ní ìdógò lórí ilé òfìfo gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ó san 500 dọ́là, kí ó sì tọ́jú ilé náà bí ẹni pé òun ló ni ín, yálà ó ti gba ilé náà nílé ẹjọ́ tàbí kò tíì gbà á. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àbójútó Fannie Mae àti Freddie Mac pe ìlú náà lẹ́jọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì yìí ló ń ra gbèsè ilé jù ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ sì ti gba àkóso wọn láti oṣù Kẹsàn-án 2008 kí wọ́n má bàa wó. Ohun tí àjọ náà ń sọ rọrùn láti lóye: ẹni tó gba ìdógò kì í ṣe onílé, 500 dọ́là kì í ṣe owó ìforúkọsílẹ̀, owó orí ni, ìjọba ìbílẹ̀ kò sì lágbára láti gba owó orí lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí láti máa darí iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2013, adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá àjọ náà láre.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn báǹkì, kò yẹ kí a fi ọwọ́ bò ó. Bí báǹkì bá lè já wọ inú ilé ènìyàn nítorí pé ẹni náà kò san owó oṣù méjì, ó lè já wọ ilé ẹni tó kàn rìnrìn àjò tàbí tó wà ní ilé ìwòsàn. Irú rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà náà, tí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ onílé níta. Àmọ́ ibi tí àríyànjiyàn wọn ti yọ̀ ni pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ sínú àdéhùn fún ara wọn ni wọ́n ń sẹ́ níwájú adájọ́ nígbà tó di ẹrù. Owó ìdógò náà dùn ún gbà. Ewéko tó hù yí ìdógò ká ni kò dùn ún gé.

Springfield, ní Massachusetts, tún le ju Chicago lọ. Òfin tí ìlú náà ṣe ní 2011 béèrè pé kí báǹkì fi 10,000 dọ́là sílẹ̀ lórí ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rí pé yóò tọ́jú rẹ̀. Àwọn báǹkì kéékèèké mélòó kan lágbègbè náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé òfin ìlú náà tako òfin ìpínlẹ̀. Ní Georgia, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò dúró de adájọ́. Ní 2012 wọ́n ṣe òfin pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kankan má gbà ju 100 dọ́là lọ fún ìforúkọsílẹ̀ ilé òfìfo. Àwọn ìlú tó ní ahoro jù ni wọ́n sábà máa ń ní owó tó kéré jù, àwọn náà ni ìpínlẹ̀ wá ń sọ fún pé kí wọ́n má béèrè jù.

Nínú gbogbo ìjà yìí, ẹnìkan wà tí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀: ẹni tó kó jáde.

Ẹni yìí gba lẹ́tà báǹkì. Ó kà níbẹ̀ pé wọ́n ti gbé òun lọ sílé ẹjọ́, àti pé ilé òun yóò lọ. Ìtìjú mú un, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde kí ọlọ́pàá tó wá kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó gbà pé báǹkì ti gba ilé. Ṣùgbọ́n báǹkì ṣírò iye tí agbẹjọ́rò yóò gbà, iye gbèsè owó orí, iye tí òrùlé tó ti jò yóò ná an, ó sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ju iye tí òun lè ta ilé náà lọ. Ó dá ẹjọ́ dúró sí àárín ọ̀nà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹni tó sá jáde ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ìlú tó ti ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun, yóò gba owó orí ilé, owó koríko tí ìjọba ìbílẹ̀ bá a gé, àti ìwé ìpè sí kóòtù, lórí ilé tó ti sunkún rẹ̀ tán. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní zombie. Orúkọ tí Yorùbá ní fún un tilẹ̀ bá a mu jù ú lọ: àkúdàáyà. Ó ti kú ní ìlú kan, ó ń ná ọjà ní ìlú mìíràn, ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pàdé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ́.

Ní 2016, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin lórí àwọn àkúdàáyà wọ̀nyí. Báǹkì tàbí ẹni tó ń gba owó gbèsè fún un gbọ́dọ̀ lọ yẹ ilé wò láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí onígbèsè bá ti dákẹ́. Bí ilé náà bá ṣófo tí wọ́n sì ti pa á tì, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú. Ìtanràn lè tó 500 dọ́là lójúmọ́ lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ àwọn báǹkì kéékèèké kúrò nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló ṣe òfin náà, kì í ṣe ìlú, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìlú ti kọjá àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó wúlò jù nínú òfin náà kò ní í ṣe pẹ̀lú koríko tàbí ìtanràn. Ó ní kí wọ́n sọ fún onígbèsè, ní kedere, pé ó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú ilé rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá ní kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ ilé òfìfo ni kì bá tí ṣófo rárá bí ẹnìkan bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní 2008.

Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tí ahoro jẹ́. Àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé ni ọ̀pọ̀ jù nínú ilé òfìfo rẹ̀ wà. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2008, ìlú náà pe báǹkì Wells Fargo lẹ́jọ́, ó fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ti àwọn aláwọ̀ dúdú sínú gbèsè tó burú ju èyí tó ń fún àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀rọ̀ náà parí sí àdéhùn ní 2012, báǹkì náà kò sì gbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn ilé ibẹ̀ so mọ́ra, ògiri kan ni ilé méjì ń lò. Bí òrùlé ọ̀kan bá jò, ògiri aládùúgbò ni yóò mu omi rẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà tó ti san gbogbo gbèsè ilé tirẹ̀ tán lè rí i pé ilé òun kò níye lórí mọ́ nítorí ilé tó wà lápá ọ̀tún.

Ní 24 oṣù Kìn-ín-ní 2022, iná ràn ní ilé òfìfo kan ní òpópónà South Stricker. Àwọn panápaná wọlé nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ilé náà wó lé wọn lórí. Mẹ́ta kú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilé náà yóò jó: ní 2015, panápaná mẹ́ta ti fara pa nínú iná mìíràn níbẹ̀. Ìjọba ìlú mọ ilé náà. Ó ti wà nínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé òfìfo fún ọdún gbọọrọ. Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún méjìlélógún lẹ́yìn alẹ́ Worcester, ohun kan náà ló ṣì pa ènìyàn.

Nígbà yẹn, ilé òfìfo tó wà ní Baltimore tó nǹkan bí 15,000. Ní oṣù Kejìlá 2023, olórí ìlú náà, Brandon Scott, kéde ètò bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là tí yóò gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fi òpin sí wọn. Owó nìkan kò lè ṣe é, nítorí ìlú kò lè tún ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ́, kò sì lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò rí. Àwọn onílé mìíràn ti kú, àwọn ọmọ wọn kò sì pín ogún. Òmíràn jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Òmíràn jẹ́ olówó tó ra ogún ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìwo ọ̀kankan.

Ohun tí ìlú náà ń lò báyìí ni òfin tí Maryland fún un láyè láti lò láti 2019. Bí ilé bá ṣófo, tí kò sì ṣeé gbé, tí gbèsè tó wà lórí rẹ̀ sì ti ju iye rẹ̀ lọ, ìjọba ìlú lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí adájọ́ fi í lé òun lọ́wọ́. Wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó bá lè ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ara ilé náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò dúró de ẹni tí a kò rí. Ilé àti ilẹ̀ ni ẹjọ́ náà dojú kọ. Ahoro fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè lẹ́jọ́.